Yorùbá ni SuperTed ń sọ nílé wa ní Ṣàgámù

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń dárúkọ kátúùnù ìgbà èwe wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Voltron, SuperTed, Inspector Gadget, ThunderCats. Bí mo ṣe ń kà á ni omijé ń lé ròrò sí mi lójú. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń já a sí ni pé tìgbà yẹn dára ju tìsinsìnyí lọ, pé àwọn ọmọ òde òní ò jẹ̀gbádùn. Èmi ò bá yín dé ibẹ̀ yẹn. Mo ti padà wo díẹ̀ nínú wọn. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń lò lálòtúnlò nínú Voltron, ìjà ọ̀sẹ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àárò tó ń sọ èmi yàtọ̀, ìdí apẹ̀rẹ̀ obì ni mo sì ti máa mú un.

Obì ni Màmá, ìyá bàbá mi, ń tà. Gbànja ni, kì í ṣe àbàtà. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ á mọ̀ pé òwò obì ni ọ̀pọ̀ fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi rán ọmọ níwèé, àwọn oníbàárà Hausa á sì máa ti Sábó wá bá wọn nájà. Bí obì bá ti oko dé, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun tó bò ó lè rọ̀. Àwa ọmọ á wá jókòó yí abọ́ ńlá ká, à ń bó o. Bí o bá mọ ibi tó yẹ kí o fìka tẹ̀, awọ náà á yọ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, obì pupa á yọjú, á máa dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ọwọ́ wa á ti rí bí ọwọ́ ẹni tó lọ osùn. Òfin Màmá ò sì le: ẹni tí kò bá tíì bó tiẹ̀ tán kò ní wọ pálọ̀.

Ago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣí nígbà náà. Kó tó ṣí, ìlà-ìlà ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀, tí á máa dún fíìì. Wọ́n ní àwọ̀ ló wà lára ìlà yẹn, eérú àti dúdú ni tiwa. A ó jókòó tì í bẹ́ẹ̀, à ń wò ó. Orin orílẹ̀-èdè á dún, lẹ́yìn náà ni èyí tó dàgbà jù lára wa á jáde lọ sídìí ọ̀pá ọparun tí wọ́n gbé ẹ́ríà kọ́ sí, a ó sì máa pariwo láti ojú fèrèsé. "Ó ti mọ́?" "Rárá, ó tún ń ṣe ṣààà!" "Báyìí ńkọ́?" "Ó ti mọ́, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Má fọwọ́ kàn án mọ́!" Àwọn ọmọ àdúgbò á ti kún ẹnu ọ̀nà, ẹni tí kò ráàyè jókòó á dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bí NEPA bá ti mú iná lọ látàárọ̀, bàbá mi á gbé bátìrì ọkọ̀ wọlé fún wa, tinútinú ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo SuperTed á rántí ìtàn rẹ̀. Ọmọláńgidi béárì ni. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n ní kò péye, ni wọ́n bá jù ú sínú yàrá òkùnkùn kan. Ibẹ̀ ni Spotty, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àmì tóótòòtó, tó ti ayé mìíràn lójú ọ̀run wá, ti rí i, ó da ìyẹ̀fun kan sí i lára, ó sì di abẹ̀mí. Wọ́n tún mú un lọ bá ìyá tó ń ṣàkóso gbogbo ohun tó ń hù tó ń mí, ìyẹn fún un lágbára. Láti ìgbà náà, bí ìjàngbọ̀n bá ti ṣẹlẹ̀, SuperTed á sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́ sí ara rẹ̀, á di awọ béárì mú, á fà á ya, aṣọ pupa á yọ lábẹ́ rẹ̀, á sì fò lọ.

Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ bá wa jókòó wò ó, ibi tó ti ń fa awọ yẹn ya gan-an ló ti pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó, ó bó o bí obì!" Láti ọjọ́ náà, Màmá ò pa á jẹ mọ́.

Àmọ́ Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo sì máa ń jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ògbufọ̀. "Kí ló wí?" Màá sọ ọ́. "Kí lèyí tún dá a lóhùn?" Màá sọ ìyẹn náà. Gẹ̀ẹ́sì tèmi náà ò tíì tó nǹkan, nítorí náà ibi tí mi ò bá ti gbọ́, màá ti ara mi bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi gba orúkọ nílé wa. Spotty di Alámì. Texas Pete, nítorí fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ tó máa ń dé, di Alákẹtẹ̀. Bulk, èyí tó sanra lára àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, di Oníkùn, Skeleton sì di Eegun Gbígbẹ. "Alákẹtẹ̀ yìí, kí ló ń wá kiri gan-an?" Mo ní owó ni, Màmá. "Eghó náà ni! Mo ti mọ̀ lójú ẹ̀."

Ọ̀kan wà tí mi ò ní gbàgbé láéláé. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́ tí SuperTed máa ń sọ yẹn, wọn ò jẹ́ ká gbọ́ ọ rí. Àwa ọmọ rò pé tẹlifíṣọ̀n ló bàjẹ́, ẹnì kan á sáré lọ yí ohùn rẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ kan Màmá bi mí pé kí ló wí lábẹ́lẹ̀ yẹn. Mo ní a ò gbọ́, Màmá, wọn kì í jẹ́ ká gbọ́. Wọ́n tún gèlè wọn so, wọ́n ní, "Ọfọ̀ ni. Wọn kì í pè é sétí gbogbo ayé. Ẹni tó bá pè é síta, á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun tí òyìnbó ṣe fún ọmọ wọn, obìnrin oníṣòwò obì tí kò wọ ilé ìwé rí ló tú u fún wa, èdè wa náà ló sì fi tú u.

Bí iná bá lọ láàárín, tí bátìrì náà ti kú, òkùnkùn á bò wá. Màmá á ní, "Parí ẹ̀ fún wa." Èmi ni màá sì parí rẹ̀. SuperTed á dé Sábó, Alákẹtẹ̀ á fara pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ obì, wọ́n á dì í mọ́ obì di ọ̀nà Kánò.

Voltron ti àwọn ọkùnrin ni, ìyẹn ni pé àwọn ló gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Kìnnìún márùn-ún, tí wọ́n á para pọ̀ di jagunjagun kan. Inú ọgbà ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tó máa jẹ́ kìnnìún dúdú, nítorí òun ni orí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀. Bàbá mi ló máa ń là wọ́n, á ní ọwọ́ ẹyọ kan ò gbẹ́rù dórí, ọ̀la ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Nílé ìwé wa ni wọ́n ti dá mi lẹ́kun. Mo ń sọ ìtàn SuperTed fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lákòókò ìsinmi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún Màmá, pẹ̀lú Alámì àti Eegun Gbígbẹ. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé mo sọ èdè abínibí. Owó ìtanràn kọ́ ló dùn mí. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kejì, kò dùn, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti dìde lọ kí n tó parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò pé kátúùnù, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín, pé ohun tí èmi àti Màmá ń ṣe nílé, eré ilé lásán ni.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ òtítọ́. SuperTed ò sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Èdè Welsh ló sọ, èdè àwọn ará Wales, ilẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ England. Ọmọ Wales ni Mike Young tó dá a sílẹ̀, ọmọ tó ń tọ́ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn ló tìtorí rẹ̀ hun ìtàn náà. Ẹ rántí òkùnkùn NEPA tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Orí S4C, ìkànnì elédè Welsh tó ṣí lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1982, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi SuperTed hàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni BBC tó gbé e ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìkànnì yẹn gan-an ò ṣàdédé wáyé. Ìjọba Britain ti ṣèlérí rẹ̀, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1980, olóṣèlú àgbà kan ní Wales tó ń jẹ́ Gwynfor Evans kéde pé òun máa gbààwẹ̀ títí dójú ikú bí wọn ò bá fún àwọn ní tẹlifíṣọ̀n lédè àwọn. Wọ́n fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó sì ń sọ èdè Welsh nígbà náà ò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ìdajì mílíọ̀nù! Àwa Yorùbá mélòó ni?

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rántí ará ilé wa. Lọ́dún 1953, gómìnà amúnisìn, John Macpherson, bá ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ wí lórí rédíò, wọn ò sì jẹ́ kí Awólọ́wọ̀ fèsì lórí rédíò kan náà. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣí n'Íbàdàn, "Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" ni wọ́n ń pe ara wọn. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, ìrìn díẹ̀ sí ilé Màmá. Ẹni tí wọ́n fi ohùn dù ló lọ kọ́ ilé fún ohùn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. Kí ló dé tí ọmọ Rẹ́mọ ò fi lè jókòó ní ago mẹ́rin, kó wo kátúùnù tí wọ́n fi Yorùbá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbìyànjú. Kátúùnù Iwájú, tí Kugali, ilé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, bá Disney ṣe lọ́dún 2024, mo wò ó, orí mi wú. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ló jẹ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Kátúùnù Bino and Fino náà wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Kò tíì tó.

Bí ẹnì kan bá ní owó ò sí láti ya àwòrán tuntun, mo gbà, iṣẹ́ olówó ńlá ni. Ẹ wá wo Voltron. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ra á, wọ́n gé e tò, wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí i lọ́dún 1984, ó sì di tiwọn débi pé gbogbo wa rò pé Amẹ́ríkà ló bí i. Ohùn ni wọ́n pààrọ̀. Ṣé ohùn ló wọ́n wa ni? Àwa tí òṣèré tíátà wa kún ìgboro, tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa lórí rédíò lè mú èèyàn rẹ́rìn-ín àrínsunkún. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wa lè fi wákàtí kan lóòjọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní á pa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ lára, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ tí wọ́n ti dáhùn rẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ífẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, wọ́n ṣe dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìsinmi tó kọjá, mo mú àbúrò mi obìnrin àtàwọn ọmọ wa padà sílé ní Ṣàgámù. Màmá ò sí mọ́, ọjọ́ ti pẹ́. Àwọn ọmọ wà nínú pálọ̀ kan náà, kálukú pẹ̀lú fóònù tiẹ̀, okùn létí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnìkejì ń wò. Mo ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo wá SuperTed jáde lórí YouTube, mo pa ohùn rẹ̀ pátápátá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ nígbà náà. Alámì rèé. Alákẹtẹ̀ rèé, eghó ló ń wá. Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Nígbà tó ṣe, èyí àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, sún mọ́ mi, ó gbé orí lé orúnkún mi.

Ibi tí SuperTed ti sọ̀rọ̀ wúyẹ́ ló ti fa aṣọ mi. "Mọ́mì, kí ló wí?"

Mo ní ọfọ̀ ni, wọn kì í pè é sétí gbogbo ayé. Ó ronú díẹ̀. Ó dìde, ó fọwọ́ bo ẹnu mọ́ mi létí, ó sì sọ tiẹ̀ fún mi. Yorùbá ni. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.