Ṣé oúnjẹ bíróílà yẹ fún aáyán tí a ń sìn?

Ọmọ Ìgbógbò: Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ síbí pé ẹni tó ń sin dubia, irú aáyán kan tí a ń sìn fi bọ́ ẹran bí alángbá, kò gbọ́dọ̀ fún un ní oúnjẹ òròmọ bíróílà. Mi ò gbà. Bí ìgbà méje ni ọmọ dubia ń bọ́ awọ kó tó gbó, pùròtéènì ló sì fi ń kọ́ awọ tuntun. Oúnjẹ òròmọ bíróílà ní pùròtéènì tó nǹkan bí 22 nínú 100. Ti adìẹ ẹlẹ́yin kò ju 16 sí 17 lọ. Èwo ló máa tètè dàgbà?

Ìyá Ọ̀sìn, Ẹ̀pẹ́: Àbúrò, má kánjú. Aáyán kì í tọ̀ bí ẹran. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú pùròtéènì, inú ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń kó o sí, á di ásíìdì yúríìkì. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Blattabacterium ń gbé inú ọ̀rá yẹn, òun ló ń sọ ọ́ di ohun tó wúlò padà nígbà tí oúnjẹ bá ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ń jẹ́ kí aáyán yè níbi tí kòkòrò mìíràn ti ń kú nìyẹn. Tó o bá wá ń rọ 22 sí i lẹ́nu lójoojúmọ́, àwọn àgbà ò ní tọ́jọ́. Bó bá sì jẹ́ alángbá lo fẹ́ fi wọ́n bọ́, ara alángbá ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, oríkèé rẹ̀ lè wú.

Da oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin kóńgò kan pọ̀ mọ́ èérí wíìtì kóńgò kan, fi ìdajì kóńgò ewé móríńgà gbígbẹ sí i. Lọ̀ ọ́ kúnná, torí ọmọ tuntun ò lè gé hóró ńlá.

Ọmọ Ìgbógbò: Ẹ ṣé mà. Ṣùgbọ́n tí pùròtéènì bá kéré, wọ́n á máa jẹ ìyẹ́ akọ, wọ́n á tún máa jẹ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, tí ara rẹ̀ funfun tó sì rọ̀. Ìyẹn ńkọ́?

Ará Àgbádárìgì: Òótọ́ ni, àmọ́ òùngbẹ náà ń fà á, àti kí wọ́n há mọ́ra jù. Omi ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ìdérí ìgò tí wọ́n bu omi kún ni àwọn ọmọ ń kú sí. Ẹ gbé káróòtì, ọ̀dùnkún tàbí ọsàn sí i, kẹ́ ẹ kó o kúrò kí ọjọ́ kejì tó pé, pàápàá lásìkò òjò tí gbogbo nǹkan ń tètè bu. Ẹ bó káróòtì ọjà kẹ́ ẹ tó lò ó. Oògùn tí wọ́n fín sí i lóko lè pa gbogbo wọn lóru ọjọ́ kan. Ẹ má sì fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá náà rárá.

Tóyìn Tuntun: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aáyán ilé tó ń fò ò lè ṣe é ni? Ó kúkú wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Ọ̀sìn, Ẹ̀pẹ́: Rárá o! Inú ṣáláńgá àti gọ́tà ni ìyẹn ti ń jáde, pẹ̀lú àrùn àti oògùn lára. Ó ń gun ike, ó ń fò, ó sì ń lẹ àpò ẹyin mọ́ kọ̀rọ̀, bí ẹyin 16 nínú ẹyọ kan. Dubia ò lè gun ike tó ń dán. Abo rẹ̀ ò ní ju kùkùté ìyẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀dẹ̀: Ẹ̀ ń jiyàn lórí oúnjẹ, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè bí inú ike ṣe gbóná tó. Dígíríì 28 sí 32 ni wọ́n ti ń bí dáadáa. Tó bá wá sí 20, ìbímọ dúró, oúnjẹ yòówù kẹ́ ẹ fún wọn. Lóru oṣù keje àti ìkẹjọ, inú yàrá lè tutù jù fún wọn. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, páànù lè sè wọ́n. Ẹ gbé ike kúrò lábẹ́ páànù, kẹ́ ẹ gé ojú ńlá sí ìdérí, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó. Nẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù ò wúlò, wọ́n á gé e.

Ẹ to kírétì ẹyin ní òòró, kì í ṣe ní ìbú, kí ìgbẹ́ lè já sísàlẹ̀. Ìgbẹ́ tó bá rin ló ń rùn tó sì ń fa kòkòrò funfun wẹ́wẹ́. Ẹ bo imú tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o, eruku rẹ̀ ò dáa fún ẹni tó ní ikọ́ fée (ásímà).

Akọ kan sí abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Abo ń gbé oyún tó oṣù méjì, ó sì lè bí 20 sí 30. Tẹ́ ẹ bá ń tú ike wò lójoojúmọ́, á já àpò ẹyin sílẹ̀ láìpé ọjọ́.

Ará Àgbádárìgì: Ẹ rántí èèrà náà. Ó wu aáyán kó jó, adìẹ ni kò jẹ́. Nínú ike, èèrà ni adìẹ ọ̀hún. Ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ agolo omi ọṣẹ.

Ọmọ Ìgbógbò: Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi. Síbẹ̀, mi ò tíì fi ti àwọn ọmọ sílẹ̀. Tí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ká fún wọn ní ti òròmọ fún oṣù méjì péré ńkọ́?

Ìyá Ọ̀sìn, Ẹ̀pẹ́: Ìyẹn ṣeé gbọ́. Fi í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin àdàlù wọn, má fún wọn ní òun nìkan. Ajere olójú ńlá ni kó o fi yà wọ́n, àwọn ọmọ á já bọ́, àgbà á dúró sókè. Àgbà ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.