Ta ló sọ pé láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ló ń sọ ọmọ di àgbà?

Ẹni tó bá ti ń wo fíìmù Amẹ́ríkà láti kékeré á ti mọ ìtàn yìí lórí. Ọmọ pé ọdún 16, ó yege ìdánwò ìwakọ̀, bàbá rẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó di inú mọ́tò, àwọn ọ̀rẹ́ rọ́ wọ ẹ̀yìn, ó di ọ̀gànjọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ó parí, ọmọ ti dàgbà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé bó ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo tí mọ́tò bá ti pọ̀, àti pé àtìgbà tí mọ́tò ti dáyé ni láísẹ́ǹsì ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kúrò ní èwe. Irọ́ pátápátá ni apá kejì. Apá kìíní náà kò fi bẹ́ẹ̀ jóòótọ́.

Karl Benz tó ṣe mọ́tò ní Mannheim, nílẹ̀ Jámánì, ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, lóṣù kẹjọ ọdún 1888. Ẹni ọdún 43 ni nígbà yẹn, oníyàwó ọlọ́mọ. Ariwo àti òórùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ti sú àwọn aráàlú, ló bá lọ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba kí ẹnikẹ́ni má baà dí i lọ́nà. Lóṣù yẹn kan náà, Bertha ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjì sínú mọ́tò náà láì sọ fún ọkọ, ó gbọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ní Pforzheim, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà ní àlọ nìkan. Nígbà tí epo ń tán, ó yà sọ́dọ̀ apoògùn kan ní Wiesloch, ó ra ligroin, èyí táwọn èèyàn fi ń nu àbàwọ́n aṣọ. Nígbà tí ojú ọ̀nà epo dí, abẹ́rẹ́ tó fi mú fìlà rẹ̀ dúró ló fi là á. Orúkọ ọkọ ló wà lórí ìwé àṣẹ, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló hùwà àgbà jù lóṣù yẹn, mi ò ní pẹ́ dáhùn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1903 ló sọ láísẹ́ǹsì di dandan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1904. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17, tó sì san ṣílè márùn-ún, ti rí i gbà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó mọ ọkọ̀ wà. Ọdún 1935 ni ìdánwò tó di ọ̀ranyàn. Fún ọgbọ̀n ọdún, ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju rìsíìtì lọ.

Níbo wá ni ìtàn fíìmù yẹn ti wá? Amẹ́ríkà ni lóòótọ́, ó sì nídìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀, àwọn ọmọ àgbẹ̀ ti ń wa mọ́tò lóko tipẹ́, ibi tí bọ́ọ̀sì kò dé sì pọ̀ jọjọ. Lọ́dún 1934, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Amos Neyhart bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní ìwakọ̀ ní Pennsylvania, nígbà tó sì yá, ẹ̀kọ́ náà wọ iléèwé káàkiri. Nǹkan mìíràn tún wà tí kò kan ìwakọ̀ rárá: Amẹ́ríkà kò ní káàdì ìdánimọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Láísẹ́ǹsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Òun lèèyàn ń yọ ní báńkì, òun ló ń yọ nílé ọtí. Ní Jámánì, ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá ti pé 16 gbọ́dọ̀ ti ní káàdì ìdánimọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà, nítorí náà bí láísẹ́ǹsì bá dé, kò sọ ju pé ẹni yìí lè wakọ̀.

Ní Amẹ́ríkà ọ̀hún náà, ẹ lọ wo òfin lónìí. Ọmọ ọdún 14 lè gba ìwé àṣẹ láti máa kọ́ ìwakọ̀ ní South Dakota, àmọ́ ní New Jersey ó di 17 kí ọmọ tó lè dá wakọ̀. Ní California, láàárín ọdún kìíní, ọmọ tí kò tíì pé 18 kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ láti aago 11 alẹ́ sí aago 5 ìdájí, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹni tí kò tíì tó ọmọ ogún ọdún láìsí àgbà kan nínú ọkọ̀, àyàfi fún ìdí pàtàkì. Ohun tí fíìmù ń fi dá wa lára yá gan-an lòfin ń lé kiri. Ìdí rẹ̀ kò sì farasin: bí ọ̀dọ́ bá ṣe ń kó ọ̀rẹ́ sí i sínú mọ́tò ni ewu ìjàǹbá ń ga sí i. Àwọn ọmọ náà kò tilẹ̀ du ìwé yìí mọ́ bíi tàtijọ́. Lọ́dún 1983, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 16 níbẹ̀, bí 46 ló ní láísẹ́ǹsì. Nígbà tó fi máa di 2014, wọn kò tó 25.

Ọmọ Jámánì tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 17 lè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n títí yóò fi pé 18, ẹni tó ti tó ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà, gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Owó ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ sì máa ń ju 3,000 yúrò lọ nígbà púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ òbí á fi máa sọ pé kó ṣì ní sùúrù. Ní Japan, ọmọ ọdún 18 ti ń gba láísẹ́ǹsì tipẹ́tipẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin kò kà á sí àgbà àfi tó bá pé 20, títí di oṣù kẹrin ọdún 2022 tí wọ́n sọ ọ́ di 18. Ní Saudi Arabia ńkọ́? Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n tó gba obìnrin láyè láti wakọ̀. Àwọn ìyá tó ti tọ́ ọmọ yanjú ló wọ kíláàsì ìwakọ̀ lọ́dún yẹn. Ta ló máa wá sọ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà?

Àwọn ọmọ abúlé ní Sweden ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọdún 18 ni láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ọmọ ọdún 15 tó bá ti gba ìwé àṣẹ alùpùpù kékeré lè wa ohun tí wọ́n ń pè ní A-traktor: mọ́tò gidi, Volvo àgbà lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ti tún ṣe kó má lè sáré ju 30 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, pẹ̀lú àmì onígun mẹ́ta ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á to lẹ́sẹẹsẹ ní títì, orin á máa dún kíkankíkan, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa fún fèrè. Iléèwé, ọ̀rẹ́, pápá bọ́ọ̀lù, kò síbi tí wọn kì í dé. Bí wọ́n bá wá pé 18 tí wọ́n gba láísẹ́ǹsì gidi, ohun tó yí padà kò ju pé wọ́n lè sáré wàyí.