Ìwé ilẹ̀ pé, ìwé ilé ńkọ́?

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, fóònù mi kì í sinmi. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun á ní kí n bá wọn wá ilé tí wọ́n máa rà kí Ojúde Ọba tó dé, kí àlejò wọn lè ríbi sọ̀ sí. Ìkánjú yẹn ń kọ mí lóminú, torí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo owó rẹ̀ ṣòfò.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, n'Ijẹ̀bú-Òde níbí. Ìwé sọ́fè wà, rìsíìtì ẹbí tó ta ilẹ̀ wà, C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, náà wà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń múra àtisanwó. Èmi dúró nídìí fẹ́ǹsì, mo wá rí i pé nǹkan pupa ń hàn fírífírí lábẹ́ ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mo fi èékánná họ ọ́. Àmì X tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń kọ sára ilé tó rú òfin ìkọ́lé ni!

A ní kí wọ́n gbé pílánì tí ìjọba fọwọ́ sí wá. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ló wà nínú ìwé. Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé dẹ́kìn lé, tí wọ́n tún kọ́ yàrá mẹ́rin sórí rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ èèyàn ló máa sùn lábẹ́ dẹ́kìn yẹn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni C of O. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ni ìwé yẹn ń fi hàn. Kò sọ pé wọ́n kọ́ ilé orí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bí katapílà bá sì dé, ẹni tó ta ilé ti náwó rẹ̀ tán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á ló máa bá nílé.

Nítorí náà, ẹ mú pílánì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn Town Planning, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀dọ̀ wọn ló ti jáde lóòótọ́. Ẹ fi téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín ilé àti títì. Ẹ wo ibi tí ṣọkawé wà sí kànga. Ẹ mú ẹnjiníà tiyín dání, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ńtì bá mú wá.

Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti tún fẹ́ǹsì yẹn kùn, wọ́n ṣì ń wá ẹni tó máa rà á.