Ṣé Hirundo leucosoma ni, àbí alápàńdẹ̀dẹ̀ tí a ti mọ̀?

Ará Ṣakí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹyẹ. Ní àárọ̀ àná, 20 oṣù Keje, mo rí alápàńdẹ̀dẹ̀ kan lórí wáyà iná níwájú ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú Ṣakí. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí aṣọ tó mu aró dáadáa. Abẹ́ rẹ̀ funfun láti ọ̀fun títí dé ìdí. Nígbà tó fò, funfun báláú yọ lápá rẹ̀, bí ẹni fi ẹfun tẹ̀ ẹ́. Hirundo leucosoma, irú alápàńdẹ̀dẹ̀ kan tó ní funfun lápá, ni mo pè é. Fọ́tò mẹ́ta nìyí.

Olùwòye Ìbàdàn: Àbúrò, rọra o. Irú tí wọ́n ń pè ní alápàńdẹ̀dẹ̀ Ẹtiópíà pọ̀ níbi tí ilé bá wà, abẹ́ tiwọn náà sì funfun. Ìyẹ́ ẹyẹ mìíràn a sì máa ṣàdédé funfun bí ti àfín. Ti Ẹtiópíà tó ní irú àbùkù àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé o rí. Ó ti tó ọdún 20 tí mo ti ń wo ẹyẹ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ṣalábàápàdé leucosoma.

Ọmọ Ọdẹ: Àbí èyí tó ń ti Yúróòpù wá ni?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì: Rárá o. Ìyẹn kì í sábà sí níbí lóṣù Keje. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀fun wọn sì pupa bí obì, pẹ̀lú ìgbànú dúdú láyà.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì: Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ló gba ìrònú. Mo fẹ fọ́tò kejì lójú kọ̀ǹpútà, iwájú orí ni mo kọ́kọ́ wò. Ti Ẹtiópíà ní pupa rúsúrúsú lókè àgógó ẹnu, àti àmì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà méjèèjì, bí ìgbànú tó já láàárín. Èyí kò ní ọ̀kankan. Aró ni láti àgógó dé ẹ̀yìn, àyà mọ́ tónítóní. Àbùkù àwọ̀ a máa bó àwọ̀ kúrò ni. Kì í sọ pupa di aró.

Olùwòye Ìbàdàn: Ìyẹn wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n apá òsì nìkan ni fọ́tò náà fi hàn, àbùkù kì í sì sábà dọ́gba lápá méjèèjì. Ọ̀tún ńkọ́?

Ará Ṣakí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìkẹta, èyí tó rí bàìbàì. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi bó ṣe ń fò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Funfun náà wà lọ́tùn-ún lósì, nítòsí ara, kò dé ṣóńṣó apá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìkejì rẹ̀ bà sórí wáyà. Funfun kan náà ló ní.

Ọmọ Ọdẹ: Mo rí ìtẹ́ amọ̀ lábẹ́ òrùlé nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Ṣé ìyẹn kò tó ẹ̀rí?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì: Kò tó. Ti Ẹtiópíà náà ń fi amọ̀ mọ ìtẹ́ sára ilé.

Olùwòye Ìbàdàn: Ẹyẹ méjì, apá mẹ́rin, àmì kan náà. Mo gbà, àbúrò, leucosoma ni. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti agbègbè tó súnmọ́ ọn nìkan la ti ń rí i ní gbogbo ayé, ìdí nìyẹn tí mo fi le koko mọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, bá wọn sọ̀rọ̀ níléèwé yẹn kí wọ́n má tu ìtẹ́ náà tí wọ́n bá fẹ́ kun ilé lásìkò ọlidé.

Ará Ṣakí: Àárọ̀ ọ̀la ni mo ń lọ bá ọ̀gá wọn, ẹ̀gbọ́n.