Irọ́ ni pé ètò ìlà kò já mọ́ nǹkan kan nínú Prolog

Gbogbo ìgbà tí ìdánwò Prolog, èdè kan tá a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, bá ti ń sún mọ́, àwọn àbúrò tó ń wá kàwé lọ́dọ̀ mi ní Òbáńtokò, l'Ábẹ́òkúta níbí, máa ń sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ohun téèyàn fẹ́ nìkan la máa ń sọ fún Prolog. Ibi yòówù kí n kọ ìlà sí, ìkan náà ni."

Kì í ṣe ìkan náà o. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ni èrò yìí ń já kulẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé Ransome-Kuti, tí gbogbo Ẹ̀gbá mọ̀, ṣe é. Àlùfáà Josiah ló bí Oludotun, ẹni tó ṣe ọ̀gá Abeokuta Grammar School. Oludotun bí Fela, Fela bí Femi. (Lẹ́tà kékeré la fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ nínú Prolog, lẹ́tà ńlá dúró fún ẹni tá ò tíì mọ̀. bi(X, Y) túmọ̀ sí pé X ló bí Y; iran(X, Y) túmọ̀ sí pé Y jẹ́ ìran X; àmì :- túmọ̀ sí "tó bá jẹ́ pé".)

bi(josiah, oludotun).
bi(oludotun, fela).
bi(fela, femi).

iran(X, Y) :- iran(X, Z), bi(Z, Y).
iran(X, Y) :- bi(X, Y).

Ẹ kà á síta: kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi í ní iran(josiah, femi), kò ní dáhùn títí ìrántí kọ̀ǹpútà á fi kún. Òkè ni Prolog ti ń wá ìdáhùn lọ sísàlẹ̀, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Kó tó dáhùn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìran Josiah kan. Kó tó rí ìyẹn, ó tún gbọ́dọ̀ wá ìran Josiah kan. Kò ní débi ìlà iran kejì láé.

Ẹ wá gbé ìlà iran kejì sókè, ó máa dáhùn "true". Ibí yìí ló ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹ bi í ní iran(femi, josiah), dípò kó sọ pé "false", á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Èyí ló yè kooro:

iran(X, Y) :- bi(X, Y).
iran(X, Y) :- bi(X, Z), iran(Z, Y).

SQL, èdè tá a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àkójọ ìsọfúnni, ni mo rò pé èrò náà ti wá. Nínú SQL, ipò tó wù yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sẹ́yìn WHERE (níbi tá a ti ń sọ irú èyí tá a fẹ́), èsì kò ní yàtọ̀. Haskell, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀: tẹ́ ẹ bá kọ ìlà factorial n (ìsọdipúpọ̀ láti 1 títí dé n) sókè ìlà factorial 0, kò ní dúró.

Ní 1979, Robert Kowalski, ọ̀kan lára àwọn tí iṣẹ́ wọn bí Prolog, kọ ọ́ pé lọ́jíìkì àti ìdarí ló para pọ̀ di algorithm, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà yanjú ìṣòro. Lọ́jíìkì nìkan làwọn ọmọ wa ń há sórí.

Nítorí náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ mú bírò àti pépà. Ẹ ya igi ìwákiri (àwòrán gbogbo ọ̀nà tí Prolog gbà wá ìdáhùn) iran(josiah, femi) fúnra yín, ẹ pààrọ̀ ìlà méjèèjì, kẹ́ ẹ tún un yà, kẹ́ ẹ sì fàlà sí ibi tí kò ti lópin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ ilé tiyín ṣe é. Tó bá jẹ́ ilé olórogún tọ́mọ pọ̀ sí, ó tún dáa jù, torí ẹ̀ka igi náà á pọ̀ dáadáa.