Ẹ Jẹ́ N Sọ Ohun Tí Mò Ń Ṣe Ní Wíkẹ́ńdì Lọ́hùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ní Òkèsà, ní Iléṣà, tẹ́ ẹ ń bi mí láti àná pé bọ̀dá, kí lẹ máa ń ṣe ní wíkẹ́ńdì ní London, tójú yín sì ti ń sọ pé pátì ni, etíkun ni, mọ́tò tí wọ́n ṣí òrùlé ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kọ́kàn yín balẹ̀. Àkọ́kọ́ ná, Manchester ni mò ń gbé, kì í ṣe London, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ìkejì, fíìmù ni mò ń wò. Fíìmù Yorùbá! Mo sanwó físà, mo sanwó báàlù, mo dé ìlú òyìnbó tán, mo wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé ọrùn, mo ń wo ìyá àgbàlagbà kan tó ń bá ìyàwó ọmọ ẹ̀ jà nítorí ọbẹ̀.

Níbo ni mo fẹ́ lọ? Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, àárọ̀ Sátidé ni mò ń wọlé, mo sùn, kí n tó jí, tó bá jẹ́ December, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Níbí èèyàn lè yà nílé Ìyá Ìbejì kó sì jẹun yó láìsọ tẹ́lẹ̀. Lọ́hùn-ún, wàá kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá wo kàlẹ́ńdà, wọ́n á wá dá Sátidé kan fún ẹ nínú oṣù tó ń bọ̀, ebi tó ń pa ẹ́ lónìí á ti lọ ó ti bọ̀.

Tẹlifíṣàn gan-an, láísẹ́ǹsì ló ń gbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní April 2025, ó ti di £174.50 lọ́dún, ìyẹn tó o bá fẹ́ máa wo ohun tí wọ́n ń gbé jáde lórí tẹlifíṣàn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù tí wọ́n ti gbé sórí YouTube kalẹ̀, tó ń dúró dè ẹ́, ìyẹn ò gba láísẹ́ǹsì kankan. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹ ò ní sọ fún mi èyí tí mo máa wò.

Wọ́n ní ká máa mú ẹ̀kọ́ nínú fíìmù. Mo mú un. Nínú fíìmù wa, kí ará òkè òkun tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni àǹtí kan ti máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á dínjú, á máa bá ọkàn ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè ketekete, ẹni tó fara tì í ò ní gbọ́, èmi tí mo wà ní Manchester á gbọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé jùùsì wá. Ẹni tó bá mu jùùsì yẹn, òun náà ló fẹ́. Àtìgbà tí Hubert Ògúndé ti kó àwọn àjẹ́ sínú sinimá lọ́dún 1979 ni ìbẹ̀rù yìí ti wà nílẹ̀, YouTube kàn wá gbé e wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi ni. Àǹtí mi, ẹ ṣáà rí bí mo ṣe ń wo iyán yẹn lọ́jọ́ tí mo dé. Ẹ ní ṣé ó gbóná ni, mo ní rárá, mo ní ẹ̀yin àgbà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ fọwọ́ bọ̀ ọ́ lóòótọ́! Ìgbà tí ọkàn mi fi máa balẹ̀, ẹran ìgbẹ́ ti tán.

Èyí tó wá ju gbogbo ẹ̀ lọ nìyí. Lálẹ́ Sátidé kan, òṣèré obìnrin kan gbọ́ pé ọkọ òun kú, ó sì figbe ta. Ẹ mọ igbe wa, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fara gbolẹ̀. Ògiri ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Kó tó di pé ó sunkún tán, ọlọ́pàá méjì ti ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní aládùúgbò mi gbọ́ pé wọ́n ń pa obìnrin kan nínú ilé mi. Mo ní ẹ wọlé, ẹ wò ó fúnra yín. Wọ́n wo kíṣìnì, wọ́n wo ilé ìwẹ̀, ojú wọn wá bọ́ sórí tẹlifíṣàn, àsìkò yẹn gan-an ni babaláwo bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀, iná pupa ń jáde lójú ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́. Ó ní ta ló pa ọkọ ẹ̀? Mo ní ó di apá kejì. Ó ní ṣé ó ti jáde?

Ohun tí fíìmù ò kọ́ mi rí ni bí wọ́n ṣe ń bá direct debit jà, ìyẹn owó tí wọ́n máa ń yọ tààrà ní báǹkì ẹni. Ẹ mọ̀ pé òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, aṣọ ló ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú, ọjọ́ owó bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi gbowó ẹ̀. Ó kéré tán, onígbèsè ń rí i lóòró. Direct debit kì í kíni, kì í lóṣòó, ọjọ́ kìíní oṣù ló ń wọlé, owó ilé, owó gáàsì, council tax tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, gbogbo ẹ̀ ti lọ kí n tó bọ́ bàtà. Mo ti rò ó kí n pe ọfọ̀ sí i, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá ta ni kí n dá? Direct debit ò níyàá.

Ká sòótọ́, ìtàn yẹn kọ́ ni mò ń wò jù. Ẹ̀yìn àwọn òṣèré ni. Wọ́n á máa jà nítorí ogún níwájú, èmi á ti dá fíìmù dúró, mò ń wo ewúrẹ́ tó ń kọjá. Lọ́jọ́ kan mo rí obìnrin kan nídìí agbada lẹ́yìn wọn, kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, ó ń fi ọwọ́ kan yí àkàrà, ó ń fi èkejì gbá ọwọ́ ọmọ ẹ̀ dànù nínú abọ́, ọmọ náà sì tún padà wá, ó mú méjì. Mo padà sẹ́yìn, mo tún un wò. Mo pe Àǹtí lórí WhatsApp pé ṣé ẹ rí àkàrà yẹn. Láti ìparí October tí wọ́n bá ti yí aago padà lọ́hùn-ún, wákàtí kan ni Iléṣà fi ń ṣáájú wa, Àǹtí sì gbà pé wákàtí yẹn làwọn fi ń mọ ìparí fíìmù ṣáájú mi. Wọ́n ní, "Àkàrà wo? Àbúrò ẹ̀ ló pa á o, wọ́n mú un lápá kejì."