Ewì Kì í Kí Àgbà

Àṣà tuntun kan ti gbòde láàárín àwa tí irun orí wa ti ń funfun. Bí ènìyàn bá ti kọjá ogójì ọdún, tí àwọn ọmọ ti ń dá wẹ̀, tí iṣẹ́ sì ti ń sú u díẹ̀díẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kéde pé òun ń padà sí yunifásítì. Mo ní “kéde” nítorí pé ìkéde ni ìdajì ẹ̀kọ́ náà. A óò kọ́kọ́ ra báàgì tuntun, a óò dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, a óò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó ń lọ sójú ogun, a óò sì bẹ ẹni tó ń kọjá lọ pé kó bá wa ya fọ́tò. Kí ọ̀sán tó pọ́n, fọ́tò ti wà lórí Facebook, àwọn ojúlùmọ̀ sì ti ń kí wa kú oríire ẹ̀kọ́ tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí báàgì. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà wọ̀nyí máa ń sáré yàn. Wọn á sá fún ìṣirò bí ẹni tó rí ejò, wọn á wá fi ìbàlẹ̀ ọkàn forúkọ sílẹ̀ fún lítíréṣọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní, “Ṣebí ìtàn ni? Kí ló fẹ́ wà nínú ìwé tí ojú mi kò tíì rí?” Inú gbólóhùn yẹn gan-an ni wàhálà fara pamọ́ sí. Àgbàlagbà gbà pé bí òun ti dàgbà tó yìí, ìwé yóò rí òun lókèèrè, yóò sì ṣí fìlà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà nínú wọn, ẹni tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wúkọ́ lásán, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ á ti máa sáré wá omi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ fún kíláàsì wọn ní ẹ̀kejìdínlógún nínú àwọn sónẹ́ẹ̀tì 154, ìyẹn ewì kúkúrú, ti Shakespeare, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1609, èyí tí ó fi olólùfẹ́ wé ọjọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì rí i pé ọjọ́ náà kò tó olólùfẹ́ í fi wé. Ìlà 14 ni, ìlà kọ̀ọ̀kan sì tó bíi sílébù mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ kò gùn tó ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti yé òun.

Olùkọ́ náà, ọmọbìnrin kan tí ó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀, wá fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ewì yìí ti yí padà?” Ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì dáhùn pé òun kò rí ibi tí ó ti yí padà, pé apá ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ kọjú sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tó jókòó sẹ́yìn, tí a rò pé ó ń sùn, ló dá a lóhùn: “Ìlà kẹsàn-án ni, Bàbá. Ibi tí ‘ṣùgbọ́n’ wà, tí èrò inú ewì ti yà sí ọ̀nà mìíràn.”

Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀wé ni. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀wé dáadáa. Àmọ́ àwa àgbà kì í tú ewì, ṣe ni a máa ń jẹ́rìí sí i. Bí ewì bá dárúkọ òkun, a óò gbọ́ nípa ìrìn-àjò tí a lọ nígbà kan. Bí ó bá dárúkọ ikú, a óò tún bàbá wa sin lójú gbogbo kíláàsì, àwọn ọmọdé á sì máa wo aago. Nígbà tí olùkọ́ ní kí wọ́n kọ ojú ewé mẹ́ta lórí sónẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀gbọ́n mi kọ mẹ́jọ lórí bí òun àti ìyàwó òun ṣe pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kan iṣẹ́ àwọn lámèyítọ́, àwọn tó ń tú iṣẹ́ òǹkọ̀wé wò. Obìnrin kan nínú kíláàsì náà, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, rí àkọlé àròkọ tí Roland Barthes, lámèyítọ́ ará Faransé, gbé jáde ní ọdún 1967 nípa ikú òǹkọ̀wé, ó sì fi ìbánikẹ́dùn béèrè pé àìsàn wo ló pa á. Barthes fúnra rẹ̀ kú lóòótọ́ ní ọdún 1980, ṣùgbọ́n ohun tí àròkọ náà ń sọ ni pé kì í ṣe èrò inú òǹkọ̀wé ni yóò máa pàṣẹ ìtumọ̀ fún òǹkàwé. Nígbà tí èyí yé àwọn àgbà kíláàsì, inú wọn dùn bí ẹni tí a jí kọ́kọ́rọ́ ilé fún. Òǹkọ̀wé ti kú, ta ni yóò tún já wọn ní koro? Wọn kò rántí pé ewì ṣì wà láàyè.

Ní ti Ulysses, ìwé ìtàn àròsọ gbọọrọ tí James Joyce, òǹkọ̀wé ará Ireland, gbé jáde ní ọdún 1922, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e dání ya fọ́tò. Ọjọ́ kan ṣoṣo, 16 Oṣù Kẹfà ọdún 1904, ni ìtàn inú rẹ̀ dá lé. Oṣù méjì rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí gbogbo ọ̀nà dí, ó gbé ìwé tọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ lóru, lẹ́yìn tí ó ti ti ilẹ̀kùn. Ọmọ yìí kan náà ni ó lé kúrò nídìí lítíréṣọ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí ó ní kí ó lọ kọ́ ohun tó ní láárí. Ọmọ náà kò rán an létí, ọmọ dáadáa ni. Ó kàn fi ìka sí ibi tí Shakespeare ti pe oòrùn ní ojú ọ̀run nínú sónẹ́ẹ̀tì náà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti fi gègé pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé “Ọlọ́run ń wò wá”.

“Dádì, oòrùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni.”

“Kí ló dé tí wọn kò kúkú pè é ní oòrùn?”

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ dá ojú ewé mẹ́jọ náà padà, ó sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ìparí rẹ̀: “Níbo ni ewì náà wà, sà?” Lálẹ́ ọjọ́ náà, fọ́tò mìíràn tún jáde lórí Facebook: ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé lè rí i, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bo máàkì mọ́lẹ̀ dáadáa.